Ikọ́ Mi Kì Í Ṣe Ikọ́ Ife

Ọjọ́ Ìṣẹ́gun, ọjọ́ kejì oṣù Kejìlá

Ọyẹ́ dé sí Ògbómọ̀ṣọ́ lónìí, orí ikọ́ ló sì bá mi. Ọjọ́ kẹsàn-án rèé. Ọ̀fìnkìn lásán ló fi bẹ̀rẹ̀. Ọ̀fìnkìn ti lọ, ikọ́ ní òun ò lọ. Kẹ̀lẹ̀bẹ̀ tó ń bá a jáde ti kúrò ní funfun, ó ti ń pọ́n. Bí mo bá mí kanlẹ̀, àyà mi á máa dún fín-ín, bíi ìgbà tí atẹ́gùn bá ń gba abẹ́ ilẹ̀kùn wọlé.

Gàníyù tún dáná lẹ́yìn ògiri mi láàárọ̀. Táyà mẹ́ta ni mo kà láti ojú fèrèsé ilé ìdáná. Ó ti kó awọ màlúù dé láti Sábó, ìyàwó ẹ̀, Raliat, sì wà láàárín èéfín tó ń fi irin yí awọ síwá sẹ́yìn. Ọdún kẹta rèé tí wọ́n ti ń fi táyà sun pọ̀nmọ́ níbẹ̀. Mo ní, "Gàníyù, èéfín yín ń pa mí o." Ó ní, "Tíṣà, ẹ ti fèrèsé yín." Ó pè mí ní "ẹ," ṣùgbọ́n ìwọ̀sí ló wà nínú ẹ̀.

Ọjọ́bọ̀, ọjọ́ kẹrin

Mo ra oyin lọ́wọ́ obìnrin kan tó wá láti Ìresà. Ó búra pé òun ò da ṣúgà sí i. Ẹgbẹ̀rún mẹ́jọ ìgò kan! Oyin náà mọ iyì ara ẹ̀. Mo po ṣíbí kan mọ́ omi lílọ́ wọ́ọ́rọ́, mo fún ọsàn wẹ́wẹ́ sí i, mo rẹ́ atalẹ̀ sí i. Ọ̀fun mi rọ̀. Mo sùn títí wọ́n fi pe ìrun àárọ̀.

Ọjọ́ Àìkú, ọjọ́ keje

Mo lọ sí àsàlátù. Ọdún kẹrìnlá rèé tí mo ti ń ṣáájú àdúrà àwọn obìnrin yẹn. Nígbà tí wọ́n ń pín omi, ife onígíláàsì ni wọ́n fi bu ti gbogbo ènìyàn. Èmi ni wọ́n fún ní ife ike pẹlẹbẹ, irú èyí tí wọ́n ń jù nù. Mo mu ún tán, ọ̀kan nínú wọn sì fi pépà di ọwọ́ kó tó gbà á. Ife ni wọ́n fi sọ ikọ́ ife fún mi.

Ìyá Saifudeen, aládùúgbò mi, tẹ̀lé mi dé títì. Òun nìkan ló ní ojú tó fi lè wò mí. Ó ní, "Ẹ má bínú, Tíṣà. Wọ́n ní ikọ́ ife ló ń ṣe yín."

Mo ní, "Ta ló ní bẹ́ẹ̀?"

Ó wo ilẹ̀. "Raliat ló sọ ọ́ lọ́dọ̀ ẹlẹ́ran. Ó ní gbogbo ìgbà lòun ń gbọ́ ọ lórí ògiri."

Ó ń gbọ́ ọ lórí ògiri! Ṣé kò gbọ́ ohun tó ń fà á?

Ọjọ́ Ìṣẹ́gun, ọjọ́ kẹsàn-án

Ọmọ mọ́kànlá ló ń wá kọ́ ẹ̀kọ́ ìrọ̀lẹ́ ní ọ̀dẹ̀dẹ̀ mi. Mẹ́ta ló wá lónìí. Bàbá Fọlábí ní ìwà díẹ̀, ó wá fúnra ẹ̀. Ó dúró sẹ́yìn géètì, ó ní, "Mà, ẹ jẹ́ kí wọ́n sinmi díẹ̀ ná, nítorí ọyẹ́." Ní ọdún mẹ́tàlélọ́gbọ̀n tí mo fi ṣiṣẹ́ olùkọ́, mi ò tíì rí ọmọ tí ọyẹ́ ní kó má kọ́ ìsọdipúpọ̀. Mo ní kó kí ìyàwó ẹ̀ fún mi, mo sì ti géètì.

Ọjọ́ Ẹtì, ọjọ́ kejìlá

Ọsibítù. Mo ti jókòó láti aago méje, aago mọ́kànlá ni wọ́n pè mí. Ọmọbìnrin kékeré ni dókítà náà, Ìbùkúnọlá lorúkọ ẹ̀, àmọ́ ó fara balẹ̀. Ó fi ẹ̀rọ gbọ́ àyà mi níwájú àti lẹ́yìn. Ó bi mí bóyá mò ń gbẹ, bóyá òógùn ń bò mí lóru, bóyá ẹ̀jẹ̀ ń bá kẹ̀lẹ̀bẹ̀ jáde. Mo ní rárá, rárá, rárá.

Ó ní, "Màmá, ẹ wo igi. Ìtí kan ṣoṣo ló sọ̀ kalẹ̀ sínú àyà yín, ó wá la ẹ̀ka, ẹ̀ka tún la ẹ̀ka kéékèèké. Inú wọn ni èémí ń gbà. Àwọn ẹ̀ka yẹn ló wú nínú, tí wọ́n ń da kẹ̀lẹ̀bẹ̀. Bronkáítìsì là ń pè é. Ikọ́ yẹn gan-an ni ìgbálẹ̀ yín, òun ló ń gbá a jáde."

Mo ní kó fún mi ní kápúsù tó lágbára. Ó rẹ́rìn-ín. Ó ní irú kòkòrò tó sábà máa ń fà á kì í gbọ́ ti kápúsù, pé ó lè tó ọ̀sẹ̀ mẹ́ta tàbí jù bẹ́ẹ̀ kó tó lọ tán. Kí n máa mu omi gbígbóná dáadáa, kí n máa lá oyin, kí n sinmi. Ṣùgbọ́n bí ibà bá gbóná tí kò lọ, bí mi ò bá lè mí délẹ̀, tàbí bí mo bá rí ẹ̀jẹ̀, kí n má dúró sílé máa lá oyin, kí n sáré wá.

Ó ní kí n tu kẹ̀lẹ̀bẹ̀ òwúrọ̀ sínú ìgò kékeré kí wọ́n yẹ̀ ẹ́ wò fún ikọ́ ife, ọ̀fẹ́ ni. Ó wá béèrè pé, "Ṣé èéfín wà nítòsí yín?"

Mo ní, "Táyà."

Ó gbé bírò ẹ̀ sílẹ̀.

Ọjọ́ Ìṣẹ́gun, ọjọ́ kẹrìndínlógún

Èsì dé. Wọn ò rí kòkòrò ikọ́ ife kankan. Mo ka á lẹ́ẹ̀mejì ní iwájú ọsibítù, mo gun ọ̀kadà, mo ya ọ́fíìsì àwọn tó ń ṣe fọ́tókópì. Mo ṣe mẹ́ta. Mo fi gọ́ọ̀mù lẹ ọ̀kan mọ́ géètì mi, ọ̀kan mọ́ òpó iná, ọ̀kan mọ́ ìsọ̀ ẹlẹ́ran tí Raliat ti sọ ọ̀rọ̀ náà. Ẹlẹ́ran ní, "Tíṣà, kí lèyí?" Mo ní, "Kà á. Èmi ni mo kọ́ ọ ní ìwé, àbí o ti gbàgbé?"

Ọjọ́rú, ọjọ́ kẹtàdínlógún

Wọ́n ti ya èyí tó wà lára òpó iná. Gàníyù dúró lórí òkìtì táyà ẹ̀ lónìí, ó ń bá ọ̀rẹ́ ẹ̀ sọ̀rọ̀, ó sì gbóhùn sókè kí n lè gbọ́. Ó ní, "Ṣebí ìwé ni wọ́n ń kọ́ ọmọ ènìyàn. Ìwé èsì ò lè ṣòro fún wọn láti fúnra wọn kọ."

Ẹni tí kò lè kọ orúkọ ara ẹ̀ láìjẹ́ pé ó yọ ahọ́n síta! Inú bí mi débi pé ikọ́ gbé mi, mo sì wúkọ́ títí mo fi bì.

Àbámẹ́ta, ogúnjọ́

Ẹ̀gbọ́n mi obìnrin pè láti Ọ̀yọ́, Ìyá Israfil. Wọ́n ní kí n máa bọ̀ kíákíá, pé ẹni tí wọ́n bá ń fi èéfín lé kúrò níbì kan, òkété nìkan kọ́. Wọn ò bi mí bóyá mo fẹ́. Wọn ò bi mí ní nǹkan kan rí látìgbà tí ìyá wa ti bí mi.

Ọjọ́ Ìṣẹ́gun, ọjọ́ kẹtàlélógún. Ọ̀yọ́

Eruku ojú títì fún mi ní tèmi kí n tó débí. Ọkọ̀ kò ní gíláàsì ní ẹ̀gbẹ́ ọ̀dọ̀ mi, mo fi ìbòrí bo imú.

Bí mo ṣe jókòó ni ẹ̀gbọ́n mi gbé ṣíbí kan wá. Mo gbóòórùn ẹ̀ kó tó dé ẹnu mi: epo kẹrosíìnì.

Mo ní, "Ẹ̀gbọ́n mi, kí lẹ fẹ́ fi eléyìí ṣe?"

"Gbé e mì. Òun ni wọ́n fi wo Màmá wa."

"Màmá wa kú!"

"Kì í ṣe ikọ́ ló pa á."

Mo da ṣíbí náà nù sí àgbàlá. Mo sọ fún wọn pé bí epo yẹn bá ṣì lọ sọ́nà ẹ̀dọ̀fóró, ó lè pa ènìyàn kí ikọ́ tó pa á. Wọ́n ní mo ti di dókítà. Mo ní ó sàn kí n di dókítà ju kí n di fìtílà lọ.

Ọjọ́bọ̀, ọjọ́ kẹẹ̀ẹ́dọ́gbọ̀n

Ẹ̀gbọ́n mi kò tíì dákẹ́ lórí ṣíbí tí mo dànù. Ṣùgbọ́n láàárọ̀ wọ́n bu omi gbígbóná sínú abọ́, wọ́n já ewé efinrin sí i, wọ́n ní kí n da aṣọ borí kí n fa ooru ẹ̀ símú. Mo tẹ orí ba jù, ó jó mi ní àgbọ̀n. Wọ́n rẹ́rìn-ín. Lẹ́yìn náà ni wọ́n fa abọ́ náà jìnnà sí mi, wọ́n sì dì í mú kó má dà sí mi lẹ́sẹ̀. Kẹ̀lẹ̀bẹ̀ tú. Mo mí.

Àbámẹ́ta, ọjọ́ kẹtàdínlọ́gbọ̀n

Omi iyọ̀ ni mo fi ń yọ ọ̀fun láàárọ̀ àti lálẹ́. Ọbẹ̀ ata gbígbóná lọ́sàn-án. Ẹ̀gbọ́n mi ní kí n máa jẹ orógbó, mo ń jẹ ẹ́ láti fi wá àlàáfíà, kì í ṣe pé mo rí ohun tó ṣe.

Ọjọ́rú, ọjọ́ kọkànlélọ́gbọ̀n

Mo rìn dé ọjà Àkẹ̀sán, mo sì rìn padà. N ò dúró lójú ọ̀nà.

Ọjọ́ Ẹtì, ọjọ́ kejì oṣù Kìíní

N ò wúkọ́ láti àárọ̀.

Ọjọ́ Àìkú, ọjọ́ kẹrin. Ògbómọ̀ṣọ́

Mo ti dé. Ẹ̀gbọ́n mi fi àṣáró dì mí lẹ́rù, wọ́n sì ní bí mo bá kú, àwọn ò ní dárí jì mí. Eérú dúdú ti bo ìkòkò omi mi, ó bo àga ọ̀dẹ̀dẹ̀, ó bo okùn aṣọ. Mo fi ọwọ́ pa á, ó lẹ̀ mọ́ mi lọ́wọ́ bí epo.

Ọjọ́ Ìṣẹ́gun, ọjọ́ kẹfà

Ikọ́ ti padà. Ọjọ́ méjì péré. Fín-ín inú àyà náà ti padà.

Ní Ọ̀yọ́, ọyẹ́ wà, eruku wà, oyin wà, mo sàn. Níbí, ọyẹ́ wà, eruku wà, oyin wà, mo ń kú lọ. Ọmọ kíláàsì kejì lè sọ ohun tó yàtọ̀. Gbogbo oyin Ìresà ò lè tó mi, bí Gàníyù bá ń dáná láti òwúrọ̀ títí di ọ̀sán.

Àbámẹ́ta, ọjọ́ kẹwàá

Mo gbé ọ̀rọ̀ lọ sí ìpàdé àwọn onílé. Bàbá Àyìndé ni alága wa. Mo dìde, mo ṣàlàyé: táyà, èéfín, àyà mi, ọ̀rọ̀ dókítà. Gàníyù dìde. Ó ní, "Ẹ̀yin bàbá, ẹ bá mi bi wọ́n, ṣé èmi nìkan ló ń dáná ní Ògbómọ̀ṣọ́? Obìnrin tó ní àrùn tó lè ran gbogbo àdúgbò ló ń pe ẹjọ́ mi!"

Àwọn kan rẹ́rìn-ín. Bàbá Àyìndé ní ká ṣe sùúrù fún ara wa, pé aládùúgbò dà bí ọmọ ìyá. Mo ní, "Bàbá, ẹ ṣé, ṣùgbọ́n ọmọ ìyá mi wà ní Ọ̀yọ́, kò sì sun táyà sí mi lójú." Wọ́n pa ìpàdé pẹ̀lú àdúrà. Mi ò ṣe àmín.

Ọjọ́bọ̀, ọjọ́ kẹẹ̀ẹ́dógún

Ọkùnrin méjì kan wá, wọ́n ní wòléwòlé làwọn. Wọ́n wọ ọ̀dọ̀ Gàníyù, inú mi dùn. Ìṣẹ́jú mẹ́ẹ̀ẹ́dógún lẹ́yìn náà wọ́n jáde, kálukú pẹ̀lú ọ̀rá pọ̀nmọ́ lọ́wọ́. Ọ̀kan nínú wọn tiẹ̀ kí mi.

Ọjọ́bọ̀, ọjọ́ kejìlélógún

Màá kọ èyí gẹ́gẹ́ bó ṣe ṣẹlẹ̀.

Aago mẹ́wàá àárọ̀, èéfín náà dúdú débi pé n ò rí géètì ara mi. Mo ti wúkọ́ títí egungun ìhà fi ń ro mí. Mo pọn omi sí bọ́kẹ́ẹ̀tì, mo gbé e gba ojú títì, mo wọ àgbàlá wọn, mo sì dà á lé iná. Ó dún ṣàá. Mo padà lọ pọn òmíràn. Ìgbà tí mo dé pẹ̀lú èkejì, Gàníyù ti dúró lójú ọ̀nà.

Ó ní, "Ẹ dan an wò."

Mo dan an wò. Ó gba bọ́kẹ́ẹ̀tì lọ́wọ́ mi, ó jù ú mọ́ ògiri, ó gbé ọwọ́ sókè. Mo ní, "Gbá mi! Gbá mi kí gbogbo ayé rí i pé o lágbára!" Kò gbá mi. Èémí mi ti tán, mo jókòó sílẹ̀ nínú ẹrẹ̀ dúdú. Mò ń wú ikọ́, n ò lè dá a dúró.

Ìgbà náà ni mo gbọ́ ikọ́ kejì. Raliat ni. Ó ti di òpó ilé mú, ó tẹ̀ síwájú, ó ń wúkọ́. Mo mọ ohùn yẹn. Fín-ín kan náà, kẹ̀lẹ̀bẹ̀ kan náà tí kò fẹ́ jáde. Tiẹ̀ tilẹ̀ jìn ju tèmi lọ, bí ẹni tó ń wa nǹkan láti ìsàlẹ̀ kànga. Ìgbà tó nu ẹnu, ojú wa pàdé.

Mo ní, "Láti ìgbà wo?"

Gàníyù ní, "Má dá a lóhùn."

Raliat ní, "Ọdún kejì, mà."

Ìyá Saifudeen ló wá fà mí dìde.

Àbámẹ́ta, ọjọ́ kẹrìnlélógún

Raliat kan géètì mi ní ọ̀sán, ní ìgbà tí ọkọ ẹ̀ lọ sí Sábó. N ò fẹ́ ṣí i. Mo ṣí i. N kò ní kó jókòó, òun fúnra ẹ̀ jókòó sórí bẹ́ǹṣì àwọn ọmọ.

Ó ní òun wá béèrè ohun tí mò ń lò, nítorí òun rí i pé mo sàn nígbà tí mo ti Ọ̀yọ́ dé.

Mo ní, "O fẹ́ gba oògùn lọ́wọ́ oníkọ́ ife?"

Ó bẹ̀rẹ̀ sí í sunkún. Ó ní àwọn tó ń ra pọ̀nmọ́ ló gbọ́ ikọ́ látẹ̀yìnkùlé, wọ́n bi òun léèrè ta ló ń wúkọ́ bẹ́ẹ̀. Ó ní bí wọ́n bá mọ̀ pé òun tó ń fọwọ́ kan pọ̀nmọ́ ni, wọn ò ní rà á mọ́. "Ẹnu mi ló kàn sọ pé Tíṣà ni, mà. Èmi náà ò mọ̀ pé yóò dé ibi tó dé."

Ọmọ mẹ́jọ ti fi ọ̀dẹ̀dẹ̀ mi sílẹ̀. Mo mu omi nínú ife ike lójú àwọn obìnrin tí mò ń ṣáájú. Gbogbo rẹ̀, nítorí pé ó ń bẹ̀rù kí wọ́n má baà ṣe òun bí wọ́n ṣe ṣe mí.

Mo sọ ohun tó wà nínú mi fún un. N kò ní kọ ọ́ síbí, nítorí kò yẹ ẹni tó ń ṣáájú àdúrà. Ó gbọ́ gbogbo ẹ̀, kò dìde. Ìgbà tí mo parí, mo po oyin àti atalẹ̀ fún un, mo gbé e kalẹ̀ níwájú ẹ̀, mo ní, "Èyí á tu ọ̀fun ẹ lára. Kò ní wò ọ́. Oyin kan ò sí láyé tó lè bá táyà jà. Ọjọ́ Ìṣẹ́gun, aago méje, kó o dúró sí ẹnu géètì mi. Ọsibítù là ń lọ."

Ọjọ́ Ìṣẹ́gun, ọjọ́ kẹtàdínlọ́gbọ̀n

Inú kẹ̀kẹ́ kan náà la wọ̀. Dókítà Ìbùkúnọlá gbọ́ àyà ẹ̀ pẹ́ títí. Ó ní kó fẹ́ atẹ́gùn sínú ẹ̀rọ kan, kó tún un fẹ́. Ó ní wọn yóò yẹ kẹ̀lẹ̀bẹ̀ tiẹ̀ náà wò, ṣùgbọ́n ohun tó jọ lójú òun ni pé tèmi jẹ́ èyí tó ń dé tó sì ń lọ. Ti Raliat ti ń di onílé. Àwọn ẹ̀ka inú àyà ẹ̀ ti ń nípọn, bí ó bá sì tún ń dúró nínú èéfín yẹn, ibi tó ti bàjẹ́ kò ní padà bọ̀ sípò.

Ó ní, "Ọmọ ọdún mélòó ni yín, mà?"

Raliat ní, "Mẹ́rìndínlógójì."

Mo rò pé ó lé ní àádọ́ta. Ojú tì mí pé mo ti rò bẹ́ẹ̀.

Ọjọ́ Ìṣẹ́gun, ọjọ́ kẹta oṣù Kejì

Èsì Raliat dé: kì í ṣe ikọ́ ife. Ó ka èsì náà síta fún Gàníyù lójú gbogbo ènìyàn, ó sì gbé irin tó fi ń yí awọ sílẹ̀ lẹ́sẹ̀ ẹ̀. Ó ní, "Bàbá Bushrah, èmi ò sun ún mọ́. Ẹ sun ún fúnra yín." Láti ilé mi ni mo ti gbọ́ ọ. Gàníyù bú u, ó bú mi, ó bú dókítà tí kò rí rí.

Ọjọ́ Ajé, ọjọ́ kẹsàn-án

Ọjọ́ márùn-ún ni Gàníyù fi sun ún fúnra ẹ̀. Lónìí ó jókòó sí ẹ̀gbẹ́ ògiri, ojú ẹ̀ pọ́n bí ẹyìn, ó ń wúkọ́. Mo dúró lójú fèrèsé kí n lè wò ó dáadáa. Kí Ọlọ́run forí jì mí, ó dùn mọ́ mi.

Ọjọ́bọ̀, ọjọ́ kejìlá

Kò sí táyà. Raliat gbé agbada ńlá kaná igi gbígbẹ, ó ń fi omi híhó bọ awọ, ó sì ń fi abẹ fá irun ẹ̀. Pọ̀nmọ́ funfun ni. Gàníyù ń kùn pé àwọn oníbàárà òun fẹ́ èyí tó pọ́n. Ó fi táyà tó kù sí ojú títì, kò kí mi, èmi náà ò kí i.

Mo mu omi oyin lẹ́ẹ̀kan péré lónìí. Àwọn ọmọ márùn-ún wá kọ́ ẹ̀kọ́.

Ọjọ́ Àìkú, ọjọ́ kẹẹ̀ẹ́dógún

Àsàlátù. Wọ́n bu omi fún mi nínú ife onígíláàsì. Mo ní òǹgbẹ ò gbẹ mí.

Ọjọ́ Ìṣẹ́gun, ọjọ́ kẹtàdínlógún

Ààwẹ̀ lọ́la, bí wọ́n bá rí oṣù. Gbogbo ènìyàn ń tọrọ ìdáríjì kiri ilé. Raliat wá ní ìrọ̀lẹ́ pẹ̀lú Bushrah, ọmọ ẹ̀, ó kúnlẹ̀ sínú eruku lẹ́nu géètì mi. Ó ní, "Ẹ dárí jì mí, mà, kí n lè gba ààwẹ̀ mi."

Mo wá ọ̀rọ̀ náà nínú ara mi, n ò rí i. N ò ní parọ́ nítorí pé oṣù ń bọ̀. Ọyẹ́ ìkẹyìn ń fẹ́, ó ń gbé eruku náà lọ sí i lójú, ó sì bẹ̀rẹ̀ sí í wúkọ́.

Mo ní kó dìde, pé eruku yẹn ò dáa fún àyà ẹ̀.